Kọ́sítọ́mà Mi Pààrọ̀ Ìyẹ̀fun Mi Láìsọ: Ṣé Kí N Fi Í Sílẹ̀ Ni?

Ìbéèrè:

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, mo sì máa ń ṣe kéèkì díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti yíìsì fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ó ń tà fún mi láwìn, ọjọ́ 14 la fi àdéhùn sí, kì í sì í yọ mí lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyẹ̀fun tó gbé wá kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Mo pò ó bí mo ṣe máa ń pò ó, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Nígbà tó jáde nínú ààrò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Búrẹ́dì 70 ni mo kó dànù. Mo pè é, ó ní, "Ṣebí ìyẹ̀fun náà ni." Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n já a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n wá ẹni mẹ́ta tí á máa kó ọjà fún mi. Ọkọ mi ní rárá o, kí n ra ìyẹ̀fun oṣù mẹ́fà pamọ́, kí n lọ sinmi. Mo ṣì jẹ ọkùnrin náà lówó ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Kó o tó lé e, fọ ìyẹ̀fun rẹ̀ ná.

Mi ò ṣàwàdà. Bu 100 gíráàmù nínú èyí tó gbé wá yìí. Tó bá ku díẹ̀ nínú ti tẹ́lẹ̀, bu 100 gíráàmù nínú òun náà. Fi omi 60 gíráàmù po ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi dán, kó o rì wọ́n sínú omi fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, máa rọra fún un nínú abọ́ omi, bí ìgbà téèyàn ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé. Omi á funfun bíi wàrà. Dà á nù, bu òmíràn, máa fọ̀ ọ́ lọ títí omi á fi mọ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, tó ń fà bíi rọ́bà, òun ló ń di atẹ́gùn mú kí búrẹ́dì tó lè dìde. Wá wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí irú ọ̀ràn yìí bá èmi, ìyẹ̀fun tí mo mọ̀ fún mi ní gíráàmù 34, àlejò fún mi ní 21, ó sì tún ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi bí okùn tó ti gbó.

Ohun tó fà á ò le. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì sábà máa ń ní purotéènì bí ìdá 12 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti kéèkì wà láàárín 7 sí 9. Èyí tí purotéènì rẹ̀ kéré kì í mu omi tó èkejì, ìdí nìyẹn tó fi lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Omi àná lo fi po ìyẹ̀fun òní.

Ọkùnrin yẹn kì í po ìyẹ̀fun, àpò ló ń gbé. Lójú ẹni tó ń gbé àpò, kílò 25 ni kílò 25. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ẹni tó ń rù wọ́n ò lè mọ èyí tínú ń run. Kò burú tó bí o ṣe rò ó, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ rẹ, o ò sì tíì kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n bá ọ wí díẹ̀ náà. Orúkọ wà lára àpò yẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ ya á, ẹ dà á sínú agbada, ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́ta ò kà á. Ó yẹ kó o dánwò pẹ̀lú búrẹ́dì méjì kó o tó po ti 70. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, ni mo ṣe lẹ́nu láti sọ ọ́.

* * *

Àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní kó o má fi ẹni tó ń ṣàánú rẹ sílẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Àwọn kejì, tí wọ́n pọ̀ jù, ní kó o ní ẹni mẹ́ta, pé ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tọkọ rẹ ní kó o rà á jọ pelemọ.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọlọ́nà mẹ́ta ṣe díẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe kọ́sítọ́mà. Ẹni tó ò tíì rajà lọ́wọ́ ẹ̀ rí, tí kò mọ ilé rẹ, tí kò mọ irú ìyẹ̀fun tó ò ń lò, kò sí nínú ìṣirò. Lọ́jọ́ tọ́jà bá wọ́n, tó o bá pè é, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Èkejì: o lè ní mẹ́ta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa pọnmi nínú kànga kan. Mo ti ní méjì rí tí mo ń fi wọ́n yangàn. Lọ́jọ́ tí òróró wọ́n, àwọn méjèèjì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nítorí iléeṣẹ́ ìkẹ́rùsí kan náà ni wọ́n ti ń gbé e. Mi ò bi wọ́n rí. Béèrè ni o: "Níbo lẹ ti ń rà á?" Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ orúkọ ibẹ̀, kó kúkú sọ pé ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti lágbájá.

Kànga ọ̀hún lè jìnnà o. Ní 2022, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní oṣù Kejì, òróró sunflower di ọ̀wọ́n káàkiri ayé, torí ibẹ̀ ló ń ta á sókè òkun jù lọ. Àwọn tó ń dín nǹkan sáré lọ sórí epo pupa tí wọ́n ti yọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Indonesia, tó ń ta epo ọ̀pẹ jù lọ láyé, ti ilẹ̀kùn, wọn ò jẹ́ kó jáde títí di ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún. Ẹni tó ní ẹni méjì tó ń ta òróró fún un, ọ̀kan sunflower, ọ̀kan ti ọ̀pẹ, tó rò pé òun gbọ́n, gbogbo wa la jọ jókòó sílẹ̀. Nírú àkókò yẹn, kò sí iye ẹni tó o mọ̀ tó lè gbà ọ́ pátápátá. Ohun tó gba àwọn kan ni pé wọ́n yí ohun tí wọ́n ń tà padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: wọ́n dín díndín kù, wọ́n sun sísun.

Nǹkan kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́nu wa, ẹni tó ń tà fún wa, kọ́sítọ́mà. Ẹni tí àwa náà ń tà fún, kọ́sítọ́mà. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe àwọn méjèèjì, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbàgbé ẹni tó yẹ kó máa bẹ ẹnì kejì.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó já a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣé ẹ ka ìbéèrè yẹn dé ìparí? Ó jẹ ẹ́ lówó ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwìn ni gbogbo wa ń fò dá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo jẹ ẹni tó ń kó ṣúgà àti ìyẹ̀fun fún mi lówó oṣù kan àtààbọ̀. Ó kó àpò 10 wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i, okùn ẹnu àpò. Ti iléeṣẹ́ máa ń funfun, ẹ̀rọ ló ń rán an, ó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn déédéé. Méje nínú mẹ́wàá yìí, okùn búlúù ló wà lẹ́nu wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ó fò síbí, ó fò sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyanrìn. A gbé wọn lé òṣùwọ̀n. Kílò 25 ni wọ́n kọ sára àpò, kò sí ọ̀kan nínú méje tó ju 23.6 lọ. Bí kílò 10 ti wọgbó lọ nínú ẹrù ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ó ti jẹ ohun tó súnmọ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àpò kọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ibẹ̀ gan-an lèrè wà.

Mo gbé fóònù. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, mo pa á. Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá pariwo, á ní kí n kó owó òun wá. Mo kó àpò méje yẹn wọlé, mo sì kí awakọ̀ rẹ̀ pé ó kú iṣẹ́.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó san án tán. Mo ń rà ní ìwọ̀nba, mo ń san ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn ni mo gbé òṣùwọ̀n jáde sẹ́nu ọ̀nà, níṣojú awakọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, okùn funfun ni mò ń rí.

Mi ò sọ pé àwìn burú. Fún ẹni tí ilé ìfowópamọ́ ò dá lóhùn, àwìn ẹni tó ń kó ọjà ló ń gbé òwò ró. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè iye tó ń ta ọjà kan náà fún ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì ni èlé tẹ́ ẹ̀ ń san tẹ́ ẹ ò mọ̀. Èmi ò sì ń jẹ́ kí gbèsè mi lọ́wọ́ ẹnì kan ju ohun tí mo lè fi owó tí mo pa lọ́sẹ̀ kan san tán lọ. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, mi ò lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, àbúrò, san ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kó o tó bá a fa ohunkóhun.

* * *

Màmá kan tó ti wà nídìí oúnjẹ fún ọdún 22 bá mi wí. Mà, ẹ ní látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ ti ń ra ẹyin àti bọ́tà, àti pé lọ́dún tí ẹyin wọ́n, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ò ti tán. Ẹ ní àwa ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn jẹ́ tẹnì kan.

Mà, òótọ́ ni. Ẹni tó ní páálí ẹyin 40 nílẹ̀, tí èèyàn 60 ń bi í, àwọn tó ti ń bá a bọ̀ nígbà tí ẹyin pọ̀ ló máa kọ́kọ́ rántí. Ẹni tó ń sáré kiri níbi tó ti dín díẹ̀ kì í sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mi ò fi fara mọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Mo wá bi màmá: ṣé ọkùnrin tó ń tà fún yín ò ṣàìsàn rí ní ọdún 22? Ẹ ní ó ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kó ẹyin wá, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ní oko tirẹ̀ ló sì ń fún un. Ẹ ò rí i, mà? Méjì lẹ ní. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ fi ń pè wọ́n.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Nínú gbogbo àpò ìyẹ̀fun 10 tí mo bá rà, mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, méjì lọ́wọ́ ẹnì kejì, lóṣooṣù, yálà nǹkan rọgbọ tàbí kò rọgbọ. Méjì yẹn ni mo fi ń ra ìdánimọ̀. Ẹnì kejì mọ ilé mi, ó mọ irú ìyẹ̀fun mi, èmi náà sì mọ iye omi tí ìyẹ̀fun tirẹ̀ ń mu. Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi: ti àkọ́kọ́, 64 gíráàmù omi sí 100 ìyẹ̀fun, ti èkejì, 61. Lọ́jọ́ tí mo bá ní láti lọ sọ́dọ̀ èkejì pátápátá, búrẹ́dì ò ní mọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní irọ́ ni, pé ẹni tí òun lọ bá ò dá òun lóhùn nítorí àpò méjì, àpò 10 ló kéré jù tí wọ́n máa fi ọkọ̀ gbé wá. Ó tún ní ẹni àkọ́kọ́ yọ ẹ̀dínwó tó ń ṣe fún òun kúrò nígbà tí òun dín ọjà kù. Mi ò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Fún àpò méjì, lọ gbé e fúnra rẹ. Tàbí kó o máa ra mẹ́rin ní oṣù méjì méjì. Ní ti ẹ̀dínwó tó lọ, mo kà á sí owó ọdẹ: èèyàn ń san án lóṣooṣù lóhun tó nírètí pé kò ní ṣẹlẹ̀.

* * *

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Kí wọ́n má bínú sí mi.

Ká ní kílò 40 lò ń lò lójúmọ́, tó o sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù. Oṣù mẹ́fà á jẹ́ kílò 6,240. Ìyẹn àpò 250. Ṣé inú yàrá lẹ fẹ́ kó o sí? Owó tó yẹ kó máa yí á dúró gbọnin sínú àpò, kòkòrò á máa bá ọ ná an. Ìyẹ̀fun funfun tó wà níbi tó tutù, tó gbẹ, lè lo oṣù mélòó kan láìṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lọ tòun ti èèpo ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí epo wà nínú kóró rẹ̀, epo náà ló ń kan. Àpò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó fara kan ilẹ̀, òun ni ìrì máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Mo ti ya irú ẹ̀ rí tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ le bí ẹfun.

Síbẹ̀ ọkọ rẹ ò jẹ̀bi tán. Ìṣirò tí mo ń ṣe nìyí: ọjà mi máa ń gba ọjọ́ 3 kó tó dé. Èyí tó pẹ́ jù tó ti ṣe mí rí jẹ́ ọjọ́ 6. Kílò 40 lọ́nà 6 jẹ́ 240, bí àpò 10. Nígbà tó bá ti ku àpò 10 nílẹ̀, mo ti pè é. Mi ò dúró kó ku mẹ́ta. Tọ́jà bá dé lásìkò, á ṣì bá bí àpò márùn-ún nílẹ̀, àwọn yẹn la sì kọ́kọ́ ń yà kí tuntun tó tẹ̀lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ti wúlò jù ni àwọn nǹkan tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Yíìsì gbígbẹ tí a ò tíì ya, tí wọ́n fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, lè wà fún bí ọdún méjì, gbogbo èyí tó o máa lò lóṣù mẹ́ta ò sì gba àyè púpọ̀. Ra ìyẹn pamọ́. O ò nílò ẹnì kejì fún yíìsì. Ṣúgà ò ní ṣe nǹkan kan tí omi ò bá ti kàn án. Bọ́tà á wọ fírísà, ní òdo dín 18, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìyẹ̀fun àti ẹyin ni wọn ò ṣeé kó jọ báyẹn: ọ̀kan torí pé ó gbàyè, ọ̀kan torí pé kò ní dúró dè ọ́. Fún àwọn méjì yìí ni kó o wá ẹnì kejì. Ohun tó bá lè pẹ́ nílé, tọ́jú rẹ̀, ohun tí kò bá lè pẹ́, wá ẹni fún un. Èròjà olóòórùn tó ò ń fọ́n sórí kéèkì, tí kò bá sí, kò sí. Kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Gbogbo ariwo yìí, lórí búrẹ́dì 70?"

Rárá. Ní ọjọ́ tó ń bọ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun ni wọ́n máa pààrọ̀. Wọ́n á gbé bọ́tà àtọwọ́dá mìíràn wá fún ọ, èyí tó o máa ń lò ò ní wàrà, tuntun ní. O ti sọ fún ìyá kan pé kò sí wàrà nínú kéèkì ọmọ rẹ̀. Ara àwọn ọmọ kan kọ wàrà, ti àwọn mìíràn kọ ẹ̀pà tàbí ẹyin, ọ̀fun wọn sì lè wú dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yànmọ̀tí pàápàá wà níbẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi í kún àwọn ohun tí ara ń kọ̀ tó di dandan kí wọ́n kọ sára oúnjẹ, ó di ìkẹsàn-án. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 14 ni wọ́n.

Kò sí àlàyé "ṣebí bọ́tà náà ni" tó máa wúlò lọ́jọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi ń ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí gbogbo ohun tó bá wọlé nìyẹn, lójoojúmọ́, kódà tó bá jẹ́ orúkọ kan náà ló wà níwájú rẹ̀. Iléeṣẹ́ máa ń yí ohun inú rẹ̀ padà, wọn ò ní pè ọ́.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá kí wọ́n ṣe àdéhùn lọ́dọ̀ lọ́yà. Fún àpò 10? Lọ́yà á jẹ ẹ́ tán. WhatsApp ti tó. Irú èyí ni kó o fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì kílò 25 tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́tò yìí nìkan ni mò ń lò. Tí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn. Èyí tó bá yàtọ̀ láìsọ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa dá a padà. Ẹ ṣeun, mà á san ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ́jọ́ Ẹtì."

Fi fọ́tò sí i. Má bú u. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló máa mú kó ka èyí tó ṣáájú.

Kó o sì tọ́jú rìsíìtì, kódà tó bá jẹ́ ìwé pélébé tó fi báírò kọ. Òfin oúnjẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2002 ní kí gbogbo ẹni tó wà nídìí òwò oúnjẹ lè tọ́ka sí ẹni tó ta ọjà fún un. Kódà níbi tí kò sófin bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní irú bọ́tà báyìí ti bàjẹ́, kẹ́ni tó ní ún dá a padà, rìsíìtì yẹn nìkan lẹ́rìí rẹ.

Àwọn tó ní ká para pọ̀ lọ rà á ní iléeṣẹ́ tó ń lọ ìyẹ̀fun, a ti ṣe é. Àwa mẹ́rin, tọ́ọ̀nù kan, àpò 40, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó dín lóòótọ́. Ilé ẹnì kan la kó o sí, òjò rọ̀, àpò méjì rin, a sì ń jiyàn títí dòní nípa àwọn tó ni méjì yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ orúkọ sára àpò lọ́jọ́ tó bá dé.

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà o. Awakọ̀ tó ń gbé ọjà wá mọ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ tí ilé ìkẹ́rùsí bá ti ń ṣófo. Ó mọ ẹni tó ti jáwọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ife omi tútù àti búrẹ́dì gbígbóná ni mo fi gbọ́ pé ìyẹ̀fun máa wọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ọ̀gá rẹ̀ tó pè mí. Ẹ má jẹ́ kó dúró níta.

* * *

Oníbèéèrè padà wá:

Àǹtí, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo fọ̀ ọ́. Èyí tí mo máa ń lò, 33. Èyí tó gbé wá, 19. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí i. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní òun ò mọ̀ pé ìyẹ̀fun ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú. Mo ti san owó ọ̀sẹ̀ kan, èkejì di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun máa kó àpò mẹ́fà tó ṣẹ́ kù padà, ṣùgbọ́n òun ò lè san owó búrẹ́dì 70. Mo tún ra àpò méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ibòmíràn ló ti ń rà á, mo bi í. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kó mọ̀ pé mo ti ń rà níbòmíràn?

* * *

O ṣeun tó o ṣe é. Má dá àpò mẹ́fà yẹn padà tán. Mú méjì dúró fún kéèkì òpin ọ̀sẹ̀, ó máa dáa fún un ju èyí tó ò ń lò lọ, sì ní kó dín owó rẹ̀ kù fún ọ díẹ̀. Ní ti búrẹ́dì 70, gbàgbé rẹ̀. Kò ní san án, tó bá sì san án, á yọ ọ́ padà lára ìyẹ̀fun lóṣù tó ń bọ̀.

Àpò méjì tuntun yẹn, búrẹ́dì mẹ́rin péré ni kó o kọ́kọ́ fi ṣe. Din omi kù díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, máa fi kún un bó bá ṣe ń béèrè, kó o kọ iye tó gbà sílẹ̀.

Ní ti pé ṣé kó mọ̀: sọ fún un lónìí, kí awakọ̀ rẹ̀ tó sọ fún un.